Bí A Ṣe Ń Di Kúlà fún Ìrìn-àjò Orí Tíúbù Lójú Odò

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi Odò Ọ̀wẹnà bá ti fà, tí àpáta ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ń yọrí, èmi àti àwọn ẹbí mi kan ní Àkúrẹ́ a máa kó tíúbù ọkọ̀ ńlá lọ síbẹ̀, a ó jókòó sínú wọn, a ó sì jẹ́ kí odò rọra gbé wa lọ fún bíi wákàtí méjì. Eré náà kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá dàgbà létí odò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé orí tíúbù táyà ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, lójú odò bíi Guadalupe àti Comal ní ìpínlẹ̀ Texas, ó ti di òwò ńlá, débi pé àwọn tó ń fi tíúbù háyà máa ń ní èyí tó ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kúlà nìkan. Ọgbọ́n tíúbù kúlà yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti bí a ṣe lè fi ohun tó wà lọ́jà Àkúrẹ́ ṣe é láìná owó púpọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo àlàyé mi dúró lé: ẹ di kúlà náà bí ẹni tó mọ̀ dájú pé yóò dojú dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, èmi kò rò ó bẹ́ẹ̀. Mo fi okùn tó gùn tó mítà mẹ́ta so kúlà mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, mo sì gbé e lé orí tíúbù bí ẹni gbé igbá lé òṣùká. Nígbà tí a dé ibi tí omi ti ń sáré díẹ̀, kúlà náà kọjá mi, okùn kọ́ àpáta, ó fà mí lọ́wọ́ débi pé mo yí sódò, ìdérí sì ṣí. Àwọn ọmọ tó ń fọ aṣọ nísàlẹ̀ odò ló jẹ mọ́ímọ́í wa lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dúpẹ́ dáadáa. Màmá àgbàlagbà kan tó ń bọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú omi wò mí títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ pé kí o máa so ẹrù mọ́ra nínú odò?” N kò rí èsì fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: kúlà fúnra rẹ̀

Kúlà òde ló wà nílé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, èyí tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ síbi ìnáwó. Ó dára fún ìrẹsì gbígbóná, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ kàn jókòó lé e lórí ni, kò sí ohun tó dì í mú. Bó bá ti yí gbiri lójú omi, ìdérí á gba ìhín, kúlà á gba ọ̀hún. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, èyí tó ní ìwọ̀ tí a fi ń ti ìdérí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó sì ní rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká, ni kí ẹ wá, kó má sì ju lítà 20 lọ fún ènìyàn mẹ́rin. Kúlà lítà 50 máa ń wuni nínú ìsọ̀, àmọ́ bí omi àti yìnyín bá ti kún un, ẹrù ọkùnrin méjì ló dà, àpáta odò tó ń yọ̀ kì í sì í ṣe ibi tí ọkùnrin méjì ti ń gbé ẹrù. Ẹ yẹra fún àpótí fóòmù funfun ẹlẹgẹ́ tí wọ́n fi ń kó ẹja dídì, nítorí ìkọlù àpáta kan péré ti tó o láti fọ́, ẹ kò sì ní lè ṣa èérún rẹ̀ tán nínú odò.

Bó bá jẹ́ kúlà òde nìkan lẹ ní, kò burú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, kí ẹ ra rọ́bà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ lára tíúbù ògbólógbòó, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fà á kó le, ẹ gbé e gba orí ìdérí lọ sí abẹ́ kúlà lẹ́ẹ̀mejì ní òró, lẹ́ẹ̀mejì ní ìbú, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀. Rọ́bà yìí sàn ju okùn ọ̀rá lọ, nítorí okùn ọ̀rá máa ń dẹ̀ tó bá ti tutù, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í yéé fa ìdérí náà mọ́lẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti fà á le.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò nílé. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú kúlà, ẹ kó ọ̀rá omi bíi mẹ́wàá lé e lórí kó lè wúwo, ẹ tì í, ẹ dì í, kí ẹ wá dojú rẹ̀ dé nínú baṣíà ńlá tó kún fún omi, kí ẹ sì ka ọgọ́ta. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ bá ìwé náà ní gbígbẹ, tàbí tí etí rẹ̀ nìkan tutù, kúlà yín ti ṣe tán. Bó bá tutù gbindin, ẹ wá ohun tí ẹ ó fi dí ẹnu rẹ̀, tàbí kí ẹ gbà pé omi mímu nìkan ni ẹ lè gbé nínú rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ.

Tíúbù kúlà àti okùn rẹ̀

Kúlà gbọ́dọ̀ ní tíúbù tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e lé itan, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé dì í mú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní kì í sábà lo tíúbù mọ́, nítorí náà, tíúbù bọ́ọ̀sì tàbí ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni ẹ ó máa wá. Ẹ gbé kúlà yín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ojú kò sì gbọdọ̀ tì yín láti ki kúlà náà bọ ihò tíúbù níbẹ̀. Èyí tó bá yín mu ni èyí tí ara kúlà lè wọ inú ihò rẹ̀, tí ọwọ́ kúlà tàbí etí rẹ̀ yóò sì jókòó lé ara tíúbù, tí kò ní já bọ́ sísàlẹ̀. Kí wọ́n fa atẹ́gùn sí i lójú yín, kí wọ́n sì rì í sínú omi, kí ẹ wò ó bóyá ó ń hó níbìkan.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ihò ni pé ẹrù tó bá wà lókè tíúbù ni odò máa ń dà nù. Bí kúlà bá jókòó sínú ihò, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rì sínú omi ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀, yóò sì ṣòro kó tó yí. Èrè kejì wà níbẹ̀: omi odò kì í gbóná tó ibi tí oòrùn ń pa, ìsàlẹ̀ kúlà náà sì wà nínú òjìji ara rẹ̀, nítorí náà kò ní tètè gbóná. Ẹ fi okùn hun ìsàlẹ̀ ihò náà bí ẹni hun àwọ̀n, kí okùn máa lọ láti etí kan sí èkejì ní ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí kúlà lè ní ohun tó jókòó lé. Kí ẹ sì fi okùn kúkúrú méjì so ọwọ́ kúlà mọ́ ara tíúbù ní ọ̀tún àti ní òsì.

Irin ẹnu tíúbù, níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, máa ń ya ènìyàn lára bí ọ̀bẹ. Ẹ fi àkísà wé e, kí ẹ fi sẹlotéèpù dì í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí tíúbù tí ènìyàn yóò jókòó sí pẹ̀lú.

Ó wá ku okùn tí yóò so tíúbù kúlà mọ́ tíúbù ènìyàn. Kó má gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, nítorí okùn gígùn ló máa ń wé mọ́ igi àti mọ́ ẹsẹ̀. Tíúbù ni ẹ ó so ó mọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ọwọ́, mọ́ ẹsẹ̀, mọ́ ìbàdí tàbí mọ́ ọrùn ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ó mọ omi lúwẹ̀ẹ́ tó. Ẹni tó mọ odò jù nínú yín ni kí tíúbù kúlà tẹ̀ lé. Kókó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń tú lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ yí okùn ká ara tíúbù lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣẹ́ ìrù rẹ̀ po, kí ó wá jẹ́ pé ibi tó ṣẹ́po yẹn ni ẹ ó tì gba abẹ́ kọjá dípò orí okùn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń so okùn bàtà. Bí ewu bá dé, ẹ kàn fa ìrù náà, ó tán. Ẹ máa fi ojú dídì ṣe é nílé títí yóò fi mọ́ yín lọ́wọ́, torí bí omi bá ti ta sí ènìyàn lójú, kò sí àyè àti máa wá orí okùn.

Ọjọ́ méjì ṣáájú: yìnyín

Ní tèmi o, kò sí yìnyín tó dára fún ìrìn-àjò yìí tó omi inú ọ̀rá. Ọ̀rá kan jẹ́ 50cl, ìyẹn bíi ìdajì kílò. Bó bá dì, ó di odidi òkúta yìnyín kan tí kò ní tètè yọ́, bó bá sì yọ́ tán, omi mímu ni, kò dà sára oúnjẹ. Yìnyín wẹ́wẹ́ máa ń yọ́ kíákíá nítorí pé ara rẹ̀ tó kan atẹ́gùn pọ̀ ju ti odidi lọ. Ẹ tò wọ́n pẹlẹbẹ sínú firísà, kí wọ́n má wé mọ́ra, kí wọ́n lè dì ní ìrísí tí yóò rọrùn láti tò sínú kúlà. Pẹ̀lú bí iná ìjọba ti rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má ṣe dúró de alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bí iná kò bá wá rárá, àwọn tó ń ta ẹja dídì máa ń ta yìnyín. Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, kí ẹ má sì ṣe bù ú sínú ohun mímu, nítorí kò sí ẹni tó lè ṣẹ̀rí pé kò kan ẹja.

Ohun tí yóò wọ kúlà gbọ́dọ̀ ti tutù kó tó wọ ibẹ̀. Èyí ni àṣìṣe tí mo ń rí jù. Láti yọ́ kílò yìnyín kan, ooru tí a nílò tó èyí tó lè gbé kílò omi kan láti 0°C dé 80°C. Agbára ńlá nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi ṣòfò. Bí ẹ bá kó agolo ohun mímu méjìlá tó jẹ́ 33cl, tí wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí wọ́n ti wà nínú ìsọ̀, sínú kúlà, bíi ọ̀rá yìnyín mẹ́ta ni yóò yọ́ tán kí wọ́n tó tutù, ẹ kò sì tíì kúrò nílé. Kúlà gan-an náà gbọ́dọ̀ tutù: ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ ju ọ̀rá dídì méjì sínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e di àárọ̀.

Fún kúlà lítà 20, ọ̀rá dídì méjìlá, ohun mímu méjìlá àti abọ́ oúnjẹ kan tó ní ìdérí líle ni mo máa ń lò. Gbogbo rẹ̀ máa ń wọn bíi kílò 15 pẹ̀lú kúlà, kúlà tí a dé pa náà á sì léfòó fúnra rẹ̀, kódà bó bá já kúrò lórí tíúbù. Àwọn kan máa ń da iyọ̀ sí yìnyín kó lè tutù sí i. Òótọ́ ni pé iyọ̀ máa ń mú un tutù ju 0°C lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń mú un yọ́ kíákíá pẹ̀lú. Fún ìrìn-àjò ọ̀sán gangan, àdánù ni.

Ohun tí ó wọ inú rẹ̀

Ẹ tò ó báyìí: ọ̀rá dídì mẹ́fà sísàlẹ̀, ohun mímu lé e lórí ní ìdúró, ọ̀rá dídì mẹ́rin láàárín wọn àti ní ẹ̀gbẹ́, abọ́ oúnjẹ lórí gbogbo rẹ̀, kí méjì tó kù wá bo abọ́ náà, nítorí pé òtútù máa ń wálẹ̀ ni. Bí àyè bá ṣófo lókè, ẹ fi aṣọ ìnura mímọ́ kì í pa. Atẹ́gùn inú kúlà ni olè tó ń jí òtútù.

Ìgò kò gbọdọ̀ wọ odò, bó ti wù kó rí. Agolo tàbí ike ni kí ẹ kó. Ṣóbò inú ike máa ń dára gan-an, bí ẹ bá sì fẹ́ gbé ẹmu, ẹ má ṣe dé ẹnu ike rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè, nítorí ẹmu kì í sinmi híhó, kódà nínú òtútù; ike tó bẹ́ nínú kúlà á mú kí gbogbo ẹrù máa rùn. Ó sàn jù lọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ di ìgbà tí ẹ bá gòkè odò, torí ọtí àti odò kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹ fi iyán sílẹ̀ nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn wá láti sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mọ́ímọ́í tó ti tutù pátápátá, ẹyin sísè, búrẹ́dì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti gé àti àgbálùmọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń so, gbogbo wọn ló bá ìrìn-àjò yìí mu. Mọ́ímọ́í, ẹyin àti ẹran gbọ́dọ̀ wà ní 5°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti jáde kúrò nínú òtútù, wákàtí méjì ni òpin wọn; bí ooru ọjọ́ náà bá sì ju 32°C lọ, bó ti sábà máa ń rí lọ́dọ̀ wa láàárín oṣù kejì àti oṣù kẹta, wákàtí kan péré ni. Ẹ má ṣe gbé ẹran tútù. Ẹ fi fóònù àti kọ́kọ́rọ́ sínú ọ̀rá méjì tí ẹ so lẹ́nu, kí ẹ sì so wọ́n mọ́ ọwọ́ kúlà lóde, kí ó má baà jẹ́ pé nítorí fóònù ni ẹ ó ṣe máa ṣí kúlà ní gbogbo ìgbà.

Kúlà kò gbọdọ̀ wọ búùtù ọkọ̀, nítorí búùtù máa ń gbóná bí ààrò. Inú ọkọ̀, lẹ́yìn àga, lábẹ́ aṣọ, ni àyè rẹ̀.

Lójú odò

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sínú omi, ẹ kí àwọn ará ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àgbà tàbí apẹja kan ibi tí àpáta wà, ibi tí igi ti wó sódò, ibi tí wọ́n dẹ àwọ̀n sí àti bóyá apá kan wà tí wọ́n kì í wọ̀ nítorí ìsìn. Ẹ má ṣe sún mọ́ ibi tí dáàmù wà, irú èyí tó wà lórí Ọ̀wẹnà lágbègbè Ìgbàrà-Òkè, torí omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lè gun odò lójijì. Bí òjò bá ti rọ̀ lókè odò, tí omi ti pọ́n, ẹ padà sílé. A lè jẹ ohun inú kúlà tó kún ní ọgbà ilé pẹ̀lú. Odò Àlà tó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá, nítorí ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò jẹ́ kó yẹ fún irú eré yìí. Kí olúkúlùkù wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, títí kan ẹni tó sọ pé òun mọ omi.

Ẹ fa atẹ́gùn tíúbù díẹ̀ sí i tí ẹ bá dé odò, nítorí omi tútù máa ń mú kí atẹ́gùn inú rẹ̀ sún kì, tíúbù á sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e gun ilẹ̀ lójú oòrùn, ẹ máa da omi sí i lára, torí rọ́bà dúdú yóò gbóná débi tí yóò jó yín nítan, atẹ́gùn inú rẹ̀ á sì wú.

Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù bo kúlà, kí ẹ fi rọ́bà dì í, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i láti ìgbà dé ìgbà. Ọgbọ́n àmù ìyá wa àgbà náà ni: bí omi ti ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń mú ooru lọ. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ojú ọjọ́ bá tutù rin, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ẹ má ṣe ṣí kúlà lójú omi tó ń sáré. Ẹ fi orí kan pinnu pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹ ó ṣí i, níbi tí iyanrìn wà tí ẹ ti lè gòkè, kí gbogbo ènìyàn mú ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi inú ọ̀rá tó ti yọ́ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kì í ṣe omi odò. Kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, èyí tí í mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, máa ń jáde láti ara ìgbín odò, níbi tí omi ti dúró tí koríko sì wà. Awọ ara ló ń gbà wọlé, nítorí náà, ibi tí omi ti ń ṣàn ni kí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì sọ fún wọn pé òun wọ odò. Oògùn praziquantel ló ń wò ó.

Bí ẹ bá rí àpáta tàbí ẹ̀ka igi tó dí odò níwájú, ẹni tó so kúlà mọ́ tíúbù rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fa okùn, kó jẹ́ kí kúlà máa lọ. Gbogbo yín á wá kọ ẹsẹ̀ síwájú, ẹ ó sì fi ọwọ́ wà kúrò níbẹ̀. Ẹ ó bá kúlà níbi tí omi bá ti rọ̀, bóyá lójú ìyẹ̀pẹ̀, bóyá lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ aṣọ. Bí ẹ bá ti dì í bí mo ti wí, ìdérí rẹ̀ kò ní tíì ṣí.

Nígbà tí ẹ bá gòkè

Ẹ kó gbogbo ọ̀rá àti agolo padà sínú kúlà, ó ti ṣófo, àyè wà. Oúnjẹ tó kù, bí yìnyín bá ti yọ́ tán tí abọ́ kò sì tutù mọ́ lọ́wọ́, ẹ dà á nù láìṣe àánú rẹ̀. Nílé, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ kúlà, pàápàá ojú rọ́bà ẹnu rẹ̀ níbi tí iyanrìn máa ń sá pamọ́ sí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní ṣíṣí kó má baà máa rùn. Tíúbù náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tú atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ bu páúdà sí i lára kí ẹ tó ká a, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.